Iná Tí Mo Pè Ní Àgùàlà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ṣe láyé, ẹ jókòó kí n sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má retí ìtàn ẹ̀rín. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi ṣe ladáànì ní mọ́sáláṣí kékeré kan nínú agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ladáànì lẹni tó ń pe ìrun. Lóde òní, ẹ rò pé iṣẹ́ náà kò ju kéèyàn tan ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀run là ń kà bí ìwé. Ìràwọ̀ ni agogo wa, pàápàá nínú oṣù ààwẹ̀, torí ìpè àsùbáà ló ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, pé sààrì ti parí.

Owó ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀sán ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ará Ìjẹ̀bú kan ní Òkè Àrin, mò ń to páálí mílíìkì àti ṣúgà. Ìyẹn ló tọ́ àwọn ọmọ mi. Iṣẹ́ ladáànì, Ọlọ́run ló ń san án.

Ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́ ladáànì ni Àáfà Búsárì. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà tí bàbá mi fà mí lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ kan ni, tí kò lẹ́ran lára, tí kì í rẹ́rìn-ín, tí kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó bi mí pé, "Ràímì, ìràwọ̀ wo lo mọ̀?"

Mo ní, "Mo mọ Àgùàlà, Àáfà."

Ó ní, "Gbogbo ọmọdé ló mọ Àgùàlà. Lọ pọnmi."

Ogójì òwúrọ̀ gbáko la jọ fi gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́sáláṣí, kò sì jẹ́ kí n pe ìrun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò gbọdọ̀ wo iná kankan kí n tó gòkè. Ó ní iná máa ń pa ojú, ojú tí iná bá sì ti pa kò ní rí ìràwọ̀ kékeré mọ́. A ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ìrì á máa sẹ̀ sí wa lára, òun á nawọ́ sókè: "Kí nìyẹn?" Tí mo bá ṣì í, èmi ni máa pọn omi kún gbogbo bútà àlùwàlá kí àwọn èèyàn tó dé. Mo pọnmi títí ọrùn mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara! Ó tún kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń na apá gún, tí wọ́n á fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ díwọ̀n bí ìràwọ̀ ṣe ga sókè òrùlé tó. Ó ní òun kò fẹ́ "ó jọ bí ẹni pé" lẹ́nu mi. Ìbú ọwọ́ mélòó? Kí n sọ iye rẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ wọ́n. Ìràwọ̀ kéékèèké kan wà tí wọ́n ṣù jọ, Àáfà ń pè é ní Adìyẹ-Tòun-Tọmọ. Ó ní àwọn Lárúbáwá ń pè é ní Sùráyà. Ó ní àwọn Hausa tí wọ́n ń da màlúù wá sí Èkó náà ń pè é ní adìyẹ àtọmọ rẹ̀ ní èdè tiwọn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní tiwa. Mẹ́ta kan tún wà tó tò gbọọrọ. Àwọn apẹja ìdí ọ̀sà ní ọkùnrin mẹ́ta tó ń wa ọkọ̀ ni. Ọ̀gá mi ará Ìjẹ̀bú ní Òkè Àrin, onígbàgbọ́ tòótọ́, ní àwọn amòye mẹ́ta tó lọ kí Jésù ni. Nígbà tí mo sọ ìyẹn fún Àáfà, mo rò pé yóò bínú. Ó kàn ní, "Ojú ọ̀run kan náà ni. Ohun tó wà nílé oníkálukú ló ń rí níbẹ̀."

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni méje kan tó wà lápá àríwá, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Bánátù Náṣì. Mẹ́rin nínú wọn ni pósí, mẹ́ta tó kù ni àwọn ọmọbìnrin òkú tí wọ́n ń tẹ̀ lé e. Wọ́n ní wọ́n pa bàbá wọn, wọn kò sì fẹ́ sin ín títí wọn yóò fi rí ẹni tó pa á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yí ká lójú ọ̀run, wọn ò gbé òkú sọ̀ kalẹ̀. Mo bi Àáfà pé ta ló kọ́kọ́ sọ àwọn ìràwọ̀ lórúkọ. Ó ní àwọn tí wọ́n ní láti tètè jí ni: apẹja, àgbẹ̀, ẹni tó ń da ràkúnmí nínú aṣálẹ̀, ẹni tó ń gbààwẹ̀. Ó ní àwọn tó ń sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ ìràwọ̀ ṣe?

Obìnrin kan wà nínú agbo ilé wa tó jẹ́ afọ́jú. Ìgbóná ló fọ́ ọ lójú nígbà tó wà ní ọmọge. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló máa ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, tí á máa bó ẹ̀gúsí. Ó máa ń bi mí pé kí ni mo rí lókè, torí ó ṣì ń rántí ìràwọ̀ láti ìgbà tójú rẹ̀ ṣì là. Òun ló sọ fún mi ohun tí ìyá tirẹ̀ sọ fún un nípa Adìyẹ-Tòun-Tọmọ. Ó ní àṣá ló ń gbé ọmọ adìyẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, adìyẹ wá bẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run sì gbé òun àti ọmọ méje sókè, sí ibi tí àṣá kò lè dé. Ó ní, "Mẹ́fà lo máa rí. Ìkeje wà lábẹ́ apá ìyá rẹ̀, ìyẹn ṣì ń bẹ̀rù."

Nígbà tí òjò ọdún yẹn ń lọ sílẹ̀, ó bímọ obìnrin ní ìdájí. Ó ní kí wọ́n pè mí. Ó ní, "Ràímì, kí ló wà láàárín ọ̀run nígbà tí ọmọ mi ké?" Mo ní Adìyẹ-Tòun-Tọmọ ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Àáfà pe ọmọ náà ní Sùráyà. Láti ọjọ́ náà la ti ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Sùráyà, òun náà sì ń sọ fún gbogbo ayé pé, "Ràímì ni ojú mi lókè yẹn." Inú oṣù ààwẹ̀, mọ́sáláṣí mẹ́wàá lè máa pe ìrun káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó, kò ní gbé oúnjẹ sílẹ̀ títí yóò fi gbọ́ ìpè tiwa. Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo agbo ilé ló ń fi ìyẹn yangàn. Ìpè ẹlòmíràn kò kàn wá.

Ààwẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá Àáfà ṣe, ọyẹ́ mú gan-an, kùrukùru bo ojú ọ̀run. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àáfà dúró kó rí ìràwọ̀, kò rí i, ó sì pe ìrun nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Kò sẹ́ni tó fura. Nígbà tí a kírun àìlà lọ́sàn-án tán, ó dìde níwájú gbogbo wa. Ó ní, "Èmi Búsárì, mo ṣì í ní àárọ̀ yìí. Ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó pè. Ẹ parí ààwẹ̀ tòní, ẹ ó sì san án padà lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀."

Yéè! Ariwo sọ. Alápatà kan fò dìde, ó ní, "Àáfà, ṣé ojú yín ti fọ́ ni? Ẹ ti sọ ààwẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ di mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún wa!" Àwọn kan ń pòṣé. Ọ̀gá mi tẹrí ba, ó ń sọ pé, "Ẹ má bínú. Ẹ má bínú." Ojú tì mí fún un, bíi kí ilẹ̀ lanu. Nígbà tí a ń lọ sílé, ó sọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbàgbé. "Ràímì, kò sẹ́ni tí kì í ṣì í. Ṣùgbọ́n kí oòrùn ọjọ́ yẹn má wọ̀ kí o tó sọ ọ́. Tó bá ti wọ̀, o ò ní lè sọ ọ́ mọ́." Mo ní mo gbọ́. Mo rò pé mo gbọ́ lóòótọ́.

Àáfà kú, mo gba ipò rẹ̀. Ayé wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Wọ́n ra agogo ńlá sí ara ògiri mọ́sáláṣí. Wọ́n ra gbohùngbohùn, ọ̀fun mi sinmi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àkókò ìrun sórí ìwé, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kò dùn mí tó iná. Wọ́n kọ́ ilé gogoro sí agbègbè Tinúbú, wọ́n tan iná sí i látòkè délẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń rú èéfín sókè ní gbogbo ilé. Ọmọ adìyẹ tó wà lábẹ́ apá ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, mi ò rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó kù ń lọ. Lápá àríwá, mo wá àwọn ọmọbìnrin pósí títí, ọ̀kan péré ni mo rí. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ tìbànújẹ́ tìbànújẹ́, bí ẹni tó lọ kí ará ilé rẹ̀ tí kò bá ẹnì kankan nílé. Nígbà tó yá, Àgùàlà nìkan ló ṣẹ́kù fún mi.

Àwọn ọ̀dọ́ inú ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí ní kí a máa tẹ̀ lé ìwé àkókò ìrun àti agogo nìkan. Ọdún náà ni ọdún tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà gbogbo àgbáyé yóò dàrú tí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun bá wọlé. A jókòó ìpàdé lé e, mo sì dìde, mo gbàyà. Mo ní, "Kọ̀ǹpútà lè dàrú, agogo lè dàrú. Ṣé Àgùàlà máa ń dàrú? Lọ́jọ́ tí mo bá ṣì í, kí ẹ gba ìpè lọ́wọ́ mi!" Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà yẹn, a wà nínú ààwẹ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún. Ọyẹ́ tún mú bíi ti ìgbà Àáfà. Mo gun òkè, mo wo ìlà oòrùn, mo rí Àgùàlà lókè apá Tinúbú, ó pupa díẹ̀ nínú ọyẹ́. Mo na apá, mo wọ̀n ọ́n: ìbú ọwọ́ méjì. Lásìkò yẹn, tó bá pé mẹ́ta ni sààrì ń parí. Mo dúró. Àwọn mọ́sáláṣí yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í pèrun, ọ̀kan lápá ibí, ọ̀kan lápá ọ̀hún. Mo ní ìkánjú ló ń ṣe wọ́n. Mo sọ̀ kalẹ̀ wo agogo ara ògiri, agogo ní àkókò ti tó. Mo ní agogo ló ń sáré. Mo tún padà sókè, mo tún wọ̀n ọ́n, ìbú ọwọ́ méjì náà ni. Kò gòkè. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìràwọ̀ wo ni kì í gòkè? Èmi tí mo ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, mi ò bi ara mi.

Ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ là díẹ̀, mo rí irin lábẹ́ Àgùàlà mi. Iná ni. Iná tí wọ́n gbé kọ́ sórí ẹ̀rọ agbẹ́rù gíga níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun kan. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo gbá gbohùngbohùn mú, mo pèrun. Gbogbo agbo ilé ń jẹun lọ́wọ́.

Mo ní máa sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun àìlà. Nígbà tí a kírun tán, mo rí àwọn ọ̀dọ́ ìgbìmọ̀ nílà iwájú, ọ̀rọ̀ tí mo fẹnu ara mi sọ sì dìde sí mi. Mo ní ó di ìrun alásárì nírọ̀lẹ́. Nígbà alásárì, mo ń kọjá níwájú Ìyá Sùráyà, ó dá mi mọ̀ nípa ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Ràímì, ilẹ̀ òní ńkọ́, ṣé ó pẹ́ kó tó mọ́ ni?"

Mo ní, "Ọyẹ́ ni, Ìyá."

Ó ní, "Ó dáa." Ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

Oòrùn wọ̀. Mo pe màgàríbì, gbogbo wọn ṣínu. Àáfà Búsárì kò parọ́: láti ìgbà tí oòrùn yẹn ti wọ̀, mi ò lè sọ ọ́ mọ́. Ìyá Sùráyà kú lójijì kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo pe àwọn èèyàn sí ìrun òkú rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn pósí, mò ń ronú pé ó jẹ gbèsè ààwẹ̀ ọjọ́ kan lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run, èmi ni mo sì dá a sí i lọ́rùn. Lọ́dọọdún, mo máa ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan fún un, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi. Iṣẹ́ lásán ni. Ọkàn mi kò balẹ̀.

Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí orúnkún mi kọ àtẹ̀gùn. Wọ́n fún mi ní àwo tí wọ́n kọ orúkọ mi sí, wọ́n ní mo ṣe é ní òtítọ́. Mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Èyí tó wá mú mi sọ̀rọ̀, ọmọ ọmọ mi Motúnráyọ̀ ni, ó wà ní yunifásítì. Lọ́jọ́ kan, ó gbé fóònù rẹ̀ sókè sí ojú ọ̀run Èkó yìí tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Gbogbo wọn yọ sínú fóònù! Adìyẹ-Tòun-Tọmọ, ọkùnrin mẹ́ta inú ọkọ̀, gbogbo wọn, orúkọ òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo sunkún níwájú ọmọ náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ má sunkún mọ́, ó tún lè dá ojú ọ̀run padà sí ọjọ́ tó bá wù yín." Mo sọ ọjọ́ náà fún un, mo sọ àkókò, mo sọ ibi tí mo dúró sí. Ó yí i padà. Àgùàlà wà lókè téńté, ó ti kọjá ìbú ọwọ́ mẹ́ta dáadáa, kò tiẹ̀ sí ní apá ibi tí mo kọjú sí. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo ti ń tan ara mi pé bóyá mo rí ìràwọ̀ náà lóòótọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, pé bóyá kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Kò sí bóyá kankan mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọ̀pá tẹlẹ̀ lọ bá Sùráyà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Adéníji Adélé, níbi tó ti ń ta abọ́ àti ike. Irun orí òun náà ti ń funfun. Ó fún mi ní àga, ó ní, "Bàbá Ladáànì, ẹ káàbọ̀ o, ṣé kò sí?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń to abọ́ lọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, ó jókòó.

Ó ní, "Bàbá, Màámi mọ̀."

Mo ní, "Ó mọ kí ni?"

"Ológoṣẹ́ abẹ́ òrùlé wa ti ń ké. Ẹ̀kọ wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó ní, 'Ilẹ̀ ti mọ́ o. Ràímì ti ṣì í.' Àwa ọmọ ní ká sọ fún àwọn ará ilé, ó kọ̀. Ó ní Àáfà Búsárì ló kọ́ yín, pé ẹ ó sọ ọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní kí n gbé àga òun kọjú sí mọ́sáláṣí. Ibẹ̀ ló jókòó sí títí di ìṣínu."

Mi ò lè gbé ojú sókè. Ó ní lẹ́yìn ìtúnu, ìyá òun san ọjọ́ náà padà, ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ náà san án. Ó ní kí wọ́n má bá mi sọ ọ́, kí n má bàa rò pé wọ́n fẹ́ dójú tì mí, pé èmi fúnra mi ni máa wá.

Mo ní, "Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ. Kò jẹ gbèsè kankan lọ."

Sùráyà ní, "Kò jẹ. Àwọn tó kù nínú agbo ilé ńkọ́, Bàbá? Àwọn tí kò gbọ́ ológoṣẹ́?" Kò sọ ọ́ tìbínú tìbínú. Ó nu abọ́ kan, ó gbé e sórí àwọn yòókù. "Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Màámi kú, ó tún bi mí. Ó ní, 'Sùráyà, ṣé Ràímì ò tíì wá?'"

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní kí wọ́n gbà mí láyè. Mo dìde níwájú, mo ní, "Èmi Ràímì, mo ṣì í." Mo dárúkọ ọjọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ ń wo ara wọn, wọ́n rò pé ọjọ́ ogbó ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo wá àwọn tó jẹ sààrì àárọ̀ náà láàárín ìlà, mo rí ẹni mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn kò gbọ́ràn mọ́. Kò sẹ́ni tó bú mi. Kò sí alápatà kankan tó fò dìde. Mo dúró níbẹ̀, mò ń retí kí ẹnì kan bínú, títí lèmọ́mù fi rọra fà mí lọ́wọ́ pé kí n jókòó.